Fìlà Àbúrò

“Màmá, ẹ jókòó jàre, eré ló ń ṣe!”

Ẹ̀gbọ́n òṣèré ò jókòó. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àmì ẹ̀yẹ lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ nílùú tí wọ́n bí i sí ni, ló bá ṣubú gbì, bó ṣe máa ń kú nínú fíìmù láyé ọjọ́un. Èrò bú sẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ń kọrin:

“Baba, tún kú, ká rí ọ!”

“Ẹ gbé àbúrò mi o! Ẹ gbà mí!” Orin bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Tí àbúrò bá fẹ́ kú nínú fíìmù, á kọ́kọ́ rọra ṣí fìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, torí ẹ̀gbọ́n ló ń fọ̀ ọ́.

Lónìí, fìlà funfun náà wà lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ àbúrò, ó ti rún, ó ti dọ̀tí.