Alàgbà Lánípẹ̀kun Lọ sí Ilé Sinimá

Alàgbà Lánípẹ̀kun kò wọ ilé sinimá rí láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ní ọdún 1983, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngán kan ní Sábó, ní Ṣàgámù, ó sì fi owó tíkẹ́ẹ̀tì lé Àdìsá aṣọ́nà lọ́wọ́. Wọ́n lẹ àwòrán fíìmù mọ́ ara ilẹ̀kùn. Alàgbà wolẹ̀ títí ó fi kọjá rẹ̀.

Joanna ọmọ rẹ̀ ló ń wá. Oṣù kẹsàn-án rèé tí ọmọ náà ti kúrò nílé wọn ní Ìlíṣàn. Ó yọ́ lọ wo fíìmù ní Ọjọ́ Ìsinmi, nígbà tí gbogbo ìjọ wà nínú ìsìn. Bàbá rẹ̀ nà án, ó sì búra lójú gbogbo ilé pé títí òun yóò fi kú, ojú òun kò ní wo irú ohun tí Joanna lọ wò yẹn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọn kò bá ọmọ lórí ẹní. Láti ìgbà náà ni àìsàn ti dá Ellen ìyá rẹ̀ wó. Ó ti rù kan eegun, kò sì bèèrè oògùn mọ́, ọmọ rẹ̀ nìkan ló ń bèèrè.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú yìí ni Yísà awakọ̀, aládùúgbò wọn, sáré wọlé.

"Bàbá, Joanna ń bẹ láàyè! Mo fojú mi rí i ní ilé sinimá Sábó lánàá. Fíìmù tí Lásúnkànmí..."

Alàgbà gbọ́wọ́ sókè. "Má sọ̀rọ̀ fíìmù nínú ilé mi, Yísà. Ṣé ara ọmọ mi le?"

"Ó le, sà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé..."

"Ó tó bẹ́ẹ̀. Ìgbà wo ni wọ́n tún máa ṣe é?"

"Aago mẹ́ta òní, ìyẹn náà ló sì kẹ́yìn. Wọ́n ń kó lọ sí Ìbàdàn nírọ̀lẹ́."

Ellen gbórí sókè lórí ibùsùn. "Bàbá Joanna, ẹ má nà án o. Ẹ sáà jẹ́ kí n rí i kí n tó lọ."

Gbọ̀ngán náà kún bámúbámú. Nígbà tí wọ́n fi aṣọ dúdú bo fèrèsé, tí ẹ̀rọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, Alàgbà lọ síwájú pátápátá, ó fara ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ funfun náà, ó kọ̀yìn sí fíìmù, ó kọjú sí èrò. Ìbúra kì í ṣe ohun à ń fi ṣeré. Ìmọ́lẹ̀ fíìmù ń tàn sí àwọn ènìyàn lójú, Alàgbà sì ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Bàbá, ṣé àwa lẹ wá wò ni?" ọkùnrin kan pariwo. Èrò bú sẹ́rìn-ín.

Nítorí Lásúnkànmí, gbajúmọ̀ òṣèré, ni gbogbo wọn ṣe wá. Láti inú ariwo wọn ni Alàgbà fi mọ̀ pé gbajúmọ̀ náà fò bọ́ láti orí lọ́rì, pé ó ń bá olè mẹ́jọ jà, pé ìfẹ́ ọmọbìnrin odi kan sì ti kó sí i lórí.

"Ó gbá a! Ó tún gbá a!"

"Irọ́ ni, okùn ni wọ́n fi fà á. Àgbàlagbà wo ló ń fò báyẹn?"

"Ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ ká gbádùn ìfẹ́ tiwa!"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, àwọn kan ń pòṣé pé ìjà ni wọ́n wá wò, wọn ò wá wo ìyàwó fífẹ́. Alàgbà kò ráyè ìjà tàbí ìfẹ́. Àpá kan ló ń wá, èyí tó wà lókè ojú ọ̀tún Joanna, níbi tó ti ṣubú lu ọlọ nígbà èwe. Bí ọmọ náà bá sì ń rẹ́rìn-ín, ọwọ́ òsì ló máa fi ń bo ẹnu.

Àbẹ̀bí olóbì, tó jókòó sí ìpẹ̀kun ìlà àkọ́kọ́, ṣàánú rẹ̀. "Bàbá, ẹ wá jókòó. Ta lẹ̀ ń wá?"

"Ọmọ mi ni. Ó ga, ó dúdú. Àpá kan wà..."

Ṣùgbọ́n Àbẹ̀bí ti ń fò sókè pẹ̀lú àwọn yòókù, ó ń pàtẹ́wọ́. "Odi yìí mà mọ eré í ṣe o!"

Ní ìlà kẹfà, ọmọbìnrin kan fi ọwọ́ òsì bo ẹnu. Alàgbà kúrò ní ìdí ògiri. Ó ń tẹ ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn mọ́lẹ̀ títí ó fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì di apá rẹ̀ mú. "Joanna!" Ọmọbìnrin náà figbe ta. Kì í ṣe òun. Àwọn ọkùnrin méjì ti Alàgbà padà sí ìdí ògiri, ó sì ń gbàdúrà níbẹ̀ pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kí òun padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Fíìmù parí. Wọ́n ń jiyàn bí wọ́n ṣe ń dìde.

"Owó mi ṣòfò. Lásúnkànmí ti darúgbó."

"Odi yẹn ló gbà á sílẹ̀. Bí kò bá sí tirẹ̀ ni, mi ò bá ti sùn lọ."

Àdìsá fọwọ́ kan Alàgbà léjìká. "Bàbá, àwọn òṣèré wà ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, wọ́n ń kí èrò. Ẹ ò ní wá kí wọn?"

"Kí ni ti èmi ti òṣèré?"

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà iwájú, ó ń wo gbogbo ẹni tó ń jáde, títí Àdìsá fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀. Kò rí Joanna. Ó rìn lọ sí etí títì láti dúró de ọkọ̀ Ìlíṣàn, ó ń ro ohun tí yóò sọ fún Ellen, ẹkún sì ń gbọ̀n ọ́n. Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tí ọkọ̀ àwọn eléré kọjá níwájú rẹ̀, tí ó ń fọn fèrè, tí àwọn òṣèré ń kọrin nínú rẹ̀.

Kò bojú wò ó títí ó fi kọjá tán, ìgbà náà ló tó ṣèèṣì gbójú sókè, tó rí àwòrán ńlá tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ náà bó ti ń sáré lọ sọ́nà Ìbàdàn: Lásúnkànmí gbé odi náà lọ́wọ́, odi náà ń rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ òsì bo ẹnu, àpá ọlọ sì wà lókè ojú ọ̀tún rẹ̀.