Gìtá Tó Ń Jẹ́ Kéèyàn Ṣì í Ta

Àǹtí Bọ́sẹ̀, ẹ gbọ́ o. Látìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti mú ọwọ́ ọkọ mi, ibi yòówù kó fọwọ́ kàn, ohùn tó yẹ ni gìtá ilé wa máa ń gbé jáde, torí ẹ̀rọ atúnṣe tó wà nínú rẹ̀ ń tún àṣìṣe ṣe. Ó ní, "Èmi kọ́ ló ń ta á," ló bá pa á tì.

Mo lọ bá Bọ̀dá Ṣówándé tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe gìtá tà. Mo ní, "Ẹ má fi atúnṣe sí tèmi o."

"Màmá, gbogbo àṣìṣe lẹ máa gbọ́ o! Ẹ tẹ̀ka síbí pé ẹ mọ̀, òfin ni."

Mo tẹ̀ ẹ́.

Láàárọ̀ yìí, ọkọ mi fi gìtá tuntun náà ta orin ìgbéyàwó wa. Ó ṣì í ta lẹ́ẹ̀mẹta. Ó pariwo, "Àṣàbí, ṣó o gbọ́ bí mo ṣe bà á jẹ́?"

Kí n tó dáhùn, ó ti tún bẹ̀rẹ̀.