Oyin Irin

Nígbàkígbà tí ẹ̀gúsí bá ń yọ òdòdó, Àrìnpé gbọ́dọ̀ ti fa gbogbo òdòdó igbó inú oko tu kí oyin irin, ẹ̀rọ kéékèèké tó ń fò láti òdòdó dé òdòdó kí ẹ̀gúsí lè so, tó dé láàárọ̀. Oyin irin kì í mojú. Òdòdó tí wọn ò bá mọ̀, iná ni wọ́n ń tu sí i. Bẹ́ẹ̀ ni oko àbúrò rẹ̀ ṣe jóná ráúráú lọ́dún tó kọjá.

Láàárọ̀ yìí, garawa omi tó ń kó wọn sí ti kún. Ó bá fi àwọn tó kù há gèlè, bí obìnrin oko ti máa ń ṣe bí ọwọ́ bá dí.

"Bàbá Ìbídùn, ó ti tán o!" ó ké sí ọkọ rẹ̀.

Oyin irin ti dé, wọ́n ń kùn, wọn ò sì bà lé ẹ̀gúsí kankan.

"Ìyá Ìbídùn," ọkọ rẹ̀ rọra pè é, "má mira. Kí lo fi há gèlè?"