Ọ̀nà Ẹsẹ̀ Abà Alágbọn

Lọ́jọọjọ́ ọjà, Fadérẹra a máa fi ọkọ̀ ojú omi gbé ìyá àgbà rẹ̀ kọjá lórí Abà Alágbọn tí omi ti bò mọ́lẹ̀. Àwòrán ilẹ̀ àtijọ́ a sì tàn lójú dígí ọkọ̀: òkè, ọ̀nà ẹsẹ̀, oko bàbá àgbà.

"Àbùjá wà níwájú, lórí oko," ni ọkọ̀ wí lọ́jọ́ kan.

Ìyá àgbà lanu láti kìlọ̀ bí ìṣe rẹ̀: "Má gba orí ebè ọkọ mi..." Ṣùgbọ́n Fadérẹra ti yí ọkọ̀ sọ́nà ẹsẹ̀ etí oko. Ó bẹ̀rẹ̀ sójú omi, ó kígbe bí ẹni tó ń kí àgbẹ̀ lóko: "Àrokobọ́dúndé o, Bàbá!"

Ìyá àgbà pa ìkìlọ̀ náà tì. Ó dáhùn ní ipò ọkọ rẹ̀ olóògbé: "Àṣẹ o, ọmọ mi. Yà wá mú iṣu."