Ìwé Oró Ejò Dà?

Àlọ́ mi sáré, ó sáré, ó já sí ilé ìkàwé àwọn ẹranko. Ejò ti ṣán ọmọ tí Ẹtu pọ̀n sẹ́yìn, ìyá ọmọ sì ń kọrin bọ̀:

Ìwé oró ejò dà o?
Wàràwàrà!
Ẹsẹ̀ ọmọ mi ń wú o,
Wàràwàrà!

Ọ̀kẹ́rẹ́ àti Òkété ló ń tọ́jú ìwé níbẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ ní, "Lẹ́tà la fi ń to ìwé. Pẹpẹ O ló ń lọ!"

Òkété ní, "Irọ́! Ohun tó wà nínú rẹ̀ la fi ń tò ó. Pẹpẹ àìsàn ni!"

Ẹtu tajú kán rí ìwé náà lórí tábìlì, ó nawọ́ mú un. Àwọn méjèèjì já a gbà: "Ìyá, ẹ má fọwọ́ kàn án, a kò tíì tò ó!"

Ibi tí wọ́n ti ń jiyàn, ọmọ dákẹ́.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí koríko bá mì lásán, Ẹtu kì í bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan mọ́. Ó ń sá ni.