Báyọ̀ Tó Pe Gbogbo Ayé Ní Télọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ìdajì ọ̀rọ̀ kí ẹ tó pín in fún èèyàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka eléyìí dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Ìsàlẹ̀ ni ojú ti máa ti èèyàn.

1.

Olúfúnkẹ́ àti ọkọ rẹ̀, Báyọ̀, ń gbé ní Steilshoop, ní Hamburg, ní orílẹ̀-èdè Jámánì. Báyọ̀ ti gboyè nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ, ó wá ń wáṣẹ́. Ìwé ìgbélùú tí wọ́n fún un láti fi wáṣẹ́ máa parí ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 2018. Bí iṣẹ́ ò bá yọ, ẹrù ni tọkọtaya máa dì padà sílé. Ní gbogbo àsìkò yìí, Fúnkẹ́ ló ń di ọjà sínú páálí ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Billbrook, òun ló ń gbọ́ bùkátà ilé. Iṣẹ́ ti Báyọ̀ ni pé kó máa sọ pé, "Èmi ni mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

Nígbà tó yá, ilé-iṣẹ́ kan ní Berlin pè é pé kó wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní oṣù kẹwàá. Báyọ̀ fi èdè Jámánì pè é, ó ní, "Vorstellungsgespräch! Kóòtù orí hángà kọ́ ni màá wọ̀ lọ síbẹ̀ o." Ó ti gbọ́ nípa Hội An, ìlú kan ní Vietnam tí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kún ìgboro rẹ̀. Wọn ò sì lọ ìsinmi kankan rí látọjọ́ ìgbéyàwó wọn. Fúnkẹ́ kó owó páálí jọ, wọ́n bá gbéra.

2.

Ọjọ́ méje ni wọ́n máa lò níbẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní, wọ́n wọ ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan tó ń jẹ́ Hoa. Ó wọn Báyọ̀ tán, ó ní, "Ọjọ́ wo lẹ ń lọ? Mo fẹ́ kí ẹ wá dán an wò lẹ́ẹ̀mẹta."

"Ọ̀la ni," Báyọ̀ dá a lóhùn. Kò tiẹ̀ ṣẹ́jú.

Fúnkẹ́ fi Yorùbá bi í pé, "Ọ̀la kẹ̀? Ọjọ́ mélòó ló ṣì kù?"

"Dákẹ́ jàre. Ṣé o ò mọ télọ̀ ni? Bó o bá sọ ọjọ́ gan-an fún télọ̀, ìhòòhò lo máa lọ òde."

Ẹ má rẹ́rìn-ín, ta ni nínú wa tí kò ṣe é rí? Télọ̀ wa ń purọ́ fún wa, àwa náà ń purọ́ fún un, ọ̀rọ̀ ti yé ara wa. Ṣùgbọ́n Hoa ò sí nínú àdéhùn yẹn. Ó gba ọkùnrin náà gbọ́. Ọjọ́ ìrántí bàbá rẹ̀ tó ti kú ni ọjọ́ náà, ẹbí ti pé, oúnjẹ ti wà lórí tábìlì. Ó ní kí wọ́n máa jẹun lọ, ó jókòó ti ẹ̀rọ. Nígbà tí wọ́n dé lọ́jọ́ kejì, kóòtù ti wà nílẹ̀, ojú obìnrin náà sì ti pọ́n fún àìsùn.

Abíyá kóòtù náà fún. "Àyè ò sí láti dán an wò ni," Hoa ní, "ẹ forí jì mí." Òun ló tún ń bẹ̀bẹ̀! Òpùrọ́ dúró níwájú dígí, ó ń yí sọ́tùn-ún, ó ń yí sósì.

Níta, Fúnkẹ́ ní, "Jẹ́ ká sọ òótọ́ fún un, kó bá wa tún un ṣe."

"Kí n lọ pe ara mi ní òpùrọ́? Ọjọ́ kan ló rán an o! Ṣé ó ṣiṣẹ́ àbí kò ṣiṣẹ́?"

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n pàdé Hoa níbi tó ti ń ra ẹ̀fọ́. Ó ní, "Ṣé ọkọ̀ òfuurufú yín ò gbéra ni?" Báyọ̀ ní wọ́n sún un síwájú. Inú Hoa dùn. "Ó dáa bẹ́ẹ̀! Ẹ gbé kóòtù yẹn wá, mi ò ní gba kọ́bọ̀." Báyọ̀ ní ó bá òun mu rẹ́gí. Fúnkẹ́ wolẹ̀, kò sọ̀rọ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ nìyẹn.

3.

Nígbà tí Báyọ̀ ti Berlin dé, ńṣe ló ń fò. "Wọ́n fẹ́ràn mi! Wọ́n ní kí n fún àwọn ní ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ní rárá o, ilé-iṣẹ́ mìíràn ń retí èsì mi, kò gbọdọ̀ kọjá Fúráìdé yìí."

"Ilé-iṣẹ́ wo?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Fúnkẹ́, télọ̀ ni gbogbo wọn. Bó ò bá lé wọn, wọn ò ní ṣe é."

Lọ́jọ́bọ̀, lẹ́tà wọlé sórí fóònù. Fúnkẹ́ ló kà á sókè: "Ẹ̀yin lẹ wù wá jù. Ṣùgbọ́n a ò lè parí ìpinnu wa kí Fúráìdé tó dé, a ò sì fẹ́ kí iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ yín bọ́ nítorí wa. A ti mú ẹlòmíràn. A bá yín yọ̀."

Báyọ̀ pè wọ́n. "Ẹ jọ̀ọ́, kò sí ilé-iṣẹ́ mìíràn!" Obìnrin tó gbé fóònù ní, "Ṣé irọ́ lẹ wá pa fún wa ni?" Ó kí i pé ó dàbọ̀, ó gbé fóònù sílẹ̀.

Iṣẹ́ mìíràn ò yọ. Nígbà tí oṣù kọkànlá parí, Báyọ̀ wọ kóòtù Hội An lọ sí pápákọ̀ òfuurufú, kí àwọn ará ilé lè rí i pé ìlú òyìnbó lòun ti ń bọ̀. Ó nawọ́ sókè láti gbé báàgì, abíyá kóòtù ya dé ìbàdí. Fúnkẹ́ ò wò ó. Ó gbé àpótí tirẹ̀, ó ń lọ.

Ẹ̀yin ọlọ́gbọ́n àdúgbò, ẹ gbọ́ o: ẹni tó gbà yín gbọ́ kì í ṣe òmùgọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń wolẹ̀ nígbà tí ẹni yín ń purọ́, ẹ̀yin náà lẹ máa bá a di ẹrù. Purọ́-n-níyì, ẹ̀tẹ́ ní í mú wá.