Mo-ti-mọ̀ àti Kọ́kọ́rọ́ Ìdánrawò

Ọkùnrin kan wà tí kì í ka àlàyé dé òpin, tó sì fẹ́ràn kó máa pe iṣẹ́ oníṣẹ́ ní tirẹ̀. Iṣẹ́ ètò kọ̀ǹpútà ló ń ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ọpọlọ rẹ̀ sì jí pépé, n ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ kò ní tíì sọ̀rọ̀ dé ìdajì tí yóò fi ní, "Mo ti mọ̀." Nígbà tó ṣì kéré, kí ìyá rẹ̀ tó sọ pé omi gbóná, ó ti ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Mo-ti-mọ̀ nìyẹn.

Aránbàtà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ọdún mọ́kànlá ló fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé kan, níbi tí àwọn oníbàárà ti máa ń forí gbá kọnkéré kí wọ́n tó jókòó. Nígbà tí ẹgbẹ́ aránbàtà kọ́ ogójì ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n ṣẹ́ gègé, ṣọ́ọ̀bù kìn-ín-ní tó dojú kọ títì ló bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó jó títí bàtà fi bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ìwé tí wọn yóò kọ ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan sí ni ẹgbẹ́ ń wá báyìí, ìwé tí ẹnikẹ́ni kò ní lè fa orúkọ ẹlòmíràn yọ nínú rẹ̀. Mo-ti-mọ̀ ní òun yóò ṣe é lórí búlọ́ọ̀kù-ṣéènì, èyí tí wọ́n fi ń ṣe owó ayélujára.

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?" Alága ẹgbẹ́ bi í.

"Ìwé tó wà nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan náà ni, bàbá. Ohun tí ẹ bá ti kọ síbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè pa á rẹ́."

"Kódà ìwọ?"

"Kódà èmi."

Ọ̀rọ̀ yẹn ì bá ti bà wọ́n lẹ́rù, àtẹ́wọ́ ni wọ́n pa.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Àwọn kan wà káàkiri ayé tí wọ́n ti ṣe irinṣẹ́ fún irú iṣẹ́ yìí, tí wọ́n sì ṣí i sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́: mú un, tún un ṣe, lò ó. Ohun tí wọ́n bẹ̀ wá ò ju pé ká fi orúkọ wọn sílẹ̀ lókè, ká sì ka ojú ewé kan tí wọ́n kọ síbẹ̀. Mo-ti-mọ̀ mú irinṣẹ́ náà, ó pa orúkọ àti ojú ewé yẹn rẹ́ pọ̀, ó wá kọ orúkọ ara rẹ̀ gàdàgbà síbẹ̀.

Obìnrin kan tí tábìlì rẹ̀ dojú kọ ti Mo-ti-mọ̀ ní ọ́fíìsì rí i. "Ṣé o ka nǹkan yẹn kó o tó pa á rẹ́?"

"Mo ti mọ ohun tó wà níbẹ̀."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Àlàyé ni."

Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ta ni yóò bèèrè ohun tó ti mọ̀? Ohun tó wà níbẹ̀ rèé: irinṣẹ́ náà ní kọ́kọ́rọ́ àṣírí kan, ẹni tó bá sì ní in ló lè kọ orúkọ sínú ìwé. Ìlà kẹta wí pé, "Ìdánrawò nìkan ni kọ́kọ́rọ́ yìí wà fún. Gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Ẹ fi tiyín rọ́pò rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gidi." Mo-ti-mọ̀ kò rọ́pò nǹkan kan. Wọ́n kọ orúkọ ogójì èèyàn síbẹ̀, inú ẹgbẹ́ dùn, wọ́n sì da bébà gègé nù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, Alága ṣí ìwé náà, ó nu awò ojú rẹ̀, ó tún wò ó.

"Ta ló ń jẹ́ Ewúrẹ́ nínú ẹgbẹ́ wa?"

Ogójì ṣọ́ọ̀bù, Ewúrẹ́ ló ni gbogbo wọn! Aláìníṣẹ́ kan níbì kan ló lo kọ́kọ́rọ́ ìdánrawò, ó kọ Ewúrẹ́ lé orúkọ gbogbo wọn lórí láti fi ẹgbẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́, èyí tó kẹ́yìn sì ni ìwé ń kà sí, ó wá fi kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ ti ìwé náà pa. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

"Pa á rẹ́ kíá," ni Alága wí.

"Bàbá, kò… kò ṣeé pa rẹ́."

Mo-ti-mọ̀ sáré kọ̀wé sí àwọn tó ṣe irinṣẹ́. Ọ̀kan nínú wọn fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dáhùn pé, "Ẹ kú ìrọ́jú. Ṣé ẹ ka ìlà kẹta?" 

Àwọn tí gègé gbé sẹ́yìn tẹ́lẹ̀ rí àyè. Wọ́n ní kò sí àkọsílẹ̀ tó ṣeé gbára lé mọ́, kí wọ́n tún gègé ṣẹ́. Àwọn ló pọ̀ jù, ni wọ́n bá tún un ṣẹ́. Ṣọ́ọ̀bù ogójì ló bọ́ sí ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́, lẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Kò pariwo. Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Ojú ewé kan péré ni, àbúrò mi. O ò lè torí mi ka ojú ewé kan?"

Ẹgbẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Mo-ti-mọ̀. Wọ́n tún dá a lẹ́jọ́ pé fún odidi ọdún kan, ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, kó máa dúró lẹ́nu géètì, kó máa mú oníbàárà lọ sí ṣọ́ọ̀bù ogójì. Ibẹ̀ ló wà nínú oòrùn, tó ń nawọ́ sẹ́yìn. Àwọn oníbàárà kan á tẹ̀ lé e dé ìdajì ọ̀nà, òórùn á kàn wọ́n nímú, wọ́n á sì ra bàtà wọn ní ṣọ́ọ̀bù kìn-ín-ní.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ ṣiṣẹ́, ẹ gbọ́ o: ọ̀fẹ́ kò ní kí ohun tó lólúwa di tiwa. Ẹ jẹ́ ká fi orúkọ ẹni tó ṣiṣẹ́ sílẹ̀, ká sì ka ohun tó kọ fún wa dé òpin, pàápàá nígbà tí a bá rò pé a ti mọ̀ ọ́n. Àìkàwé ẹnìkan lè sọ ẹlòmíràn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ di ẹni ẹ̀yìn, ẹ̀bẹ̀ kì í sì í dá ṣọ́ọ̀bù padà.